Táyà tòkunbọ̀: Ẹ yẹ inú rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó

Láti ìgbà tí Michelin ti dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Port Harcourt lọ́dún 2007, tí Dunlop náà sì ṣe bẹ́ẹ̀ n'Íkẹjà lọ́dún 2008, òkè òkun lọ̀pọ̀ táyà ti ń wá. Tòkunbọ̀ lọ̀pọ̀ onítakisí l'Adó-Èkìtì àtàwọn tó ń kó iṣu láti Ìfàkì àti Ìgèdè ń rà. Ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó táyà mọ́tò àlòkù wọlé, síbẹ̀ ó kún ọjà. Ẹni tí tiẹ̀ bá sì bẹ́ kì í sábà rí ẹni dá a padà fún.

Orí owó ni ìṣirò ti máa ń dojú rú. Ilà ojú táyà tuntun ti mọ́tò kékeré máa ń jìn tó mílímítà 8. Bó bá ku 1.6, táyà ti parí nìyẹn. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù náà nìyẹn. Mílímítà 6.4 péré lèèyàn ń rà lára tuntun. Tòkunbọ̀ tí tiẹ̀ ku 4, tí ọlọ́jà ń pè ní ààbọ̀, 2.4 ló kù níbẹ̀. Ká ní tuntun jẹ́ ₦80,000, tí tòkunbọ̀ yìí jẹ́ ₦40,000: mílímítà kan lára tuntun jẹ́ ₦12,500, ti tòkunbọ̀ lé ní ₦16,600. Ẹni tó rò pé òun ra ọ̀pọ̀ ló ra ọ̀wọ́n yẹn o!

Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ńbà mẹ́rin ló máa ń parí ìlà tí wọ́n kọ DOT sí: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bí kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ yí táyà padà. Ọlọ́jà lè kùn ún kó dúdú mininjọ, rọ́bà tó ti gbó ti gbó. Èyí tó bá ní àwòrán òkè àti yìnyín, táyà ìgbà òtútù ni; rọ́bà rẹ̀ rọ̀, ooru ilẹ̀ wa yóò sì tètè jẹ ẹ́.

Inú ni àléébù pọ̀ sí jù. Wọ́n máa ń ki táyà kan bọ inú òmíràn kí kọ̀nténà lè gba púpọ̀, èyí sì lè ba wáyà etí rẹ̀ jẹ́. Ẹ fọwọ́ pa inú rẹ̀ yíká, kẹ́ ẹ wá ibi tó wú, ibi tó ká àti ibi tí wọ́n ti lẹ̀. Ọlọ́jà tí kò bá jẹ́ kí fọkanáísà yín yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Fún bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, ẹ wá lẹ́tà C lẹ́yìn ìwọ̀n rẹ̀, bíi 195R14C. Táyà mọ́tò kékeré kò lè gbé ẹrù iṣu.