Walter Tull, Ọmọ Òrukàn Tó Gbá Bọ́ọ̀lù fún Tottenham

Gbogbo dọ́mítìrì wa ló mọ̀ pé ọmọ Tottenham ni mí, wọ́n sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn agbábọ́ọ̀lù wa kan fún yín.

Ìlú Folkestone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí Walter Tull ní 1888. Òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ jẹ́ káfíńtà tó wá láti erékùṣù Barbados, níbi tí bàbá tirẹ̀ ti jẹ́ ẹrú. Walter kò tíì pé ọmọ ọdún 10 tí ìyá àti bàbá rẹ̀ fi kú. Ni wọ́n bá mú òun àti Edward ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ilé ọmọ òrukàn ní Bethnal Green, ní London. Ní 1900, ìdílé kan ní Glasgow gba Edward ṣọmọ. Ẹ̀gbọ́n lọ, àbúrò ṣẹ́kù. Èmi tí màmá mi ń wá wò ní gbogbo ọjọ́ ìbẹ̀wò, mo ṣì máa ń sunkún tí wọ́n bá ti ń lọ (ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o).

Edward padà di dókítà eyín. Walter kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, àmọ́ bọ́ọ̀lù ló gbé e jáde. Ó gbá fún Clapton láìgba kọ́bọ̀, kí Tottenham tó mú un ní 1909, tí wọ́n ń san £4 fún un lọ́sẹ̀. Kì í ṣe òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ o. Arthur Wharton, tí wọ́n bí ní Accra, ti ń ṣọ́lé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó bí Tull.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1909 náà, wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Bristol. Àwọn kan nínú èrò ìwòran bẹ̀rẹ̀ sí í bú u nítorí àwọ̀ rẹ̀, èébú tí kò ṣeé tún sọ. Oníròyìn kan tó wà níbẹ̀ kọ ọ́ pé Tull ló gbá bọ́ọ̀lù dáadáa jù nínú àwọn oníwájú lọ́jọ́ yẹn. Síbẹ̀ kò pẹ́ rárá tí Tottenham fi dá a padà sí ikọ̀ kejì. Ìdíje líìgì 10 péré ló gbá fún wa. Ibí yìí ló ń dùn mí jù, torí kilọ́ọ̀bù tèmi ni. Àwọn tó bú u ló jẹ̀bi, òun ni wọ́n wá fi jókòó! Àbí báwo lẹ ṣe rí i?

Ní 1911, Herbert Chapman mú un lọ sí Northampton. Chapman yìí ló padà di ọ̀gá Arsenal (ẹ̀yin ọmọ Arsenal, ẹ rọra). Níbẹ̀, Tull gbá ju 100 ìdíje lọ.

Nígbà tí ogun dé, ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1914, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn agbábọ́ọ̀lù. Òfin ológun wọn ni pé ẹni tí kì í bá ṣe òyìnbó pọ́ńbélé kò gbọ́dọ̀ di ọ̀gá. Ní oṣù karùn-ún 1917, wọ́n fi í jẹ second lieutenant, tòfin tòfin. Ọ̀gágun rẹ̀ yìn ín fún ìgboyà rẹ̀ ní Ítálì.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹta 1918, ìbọn pa á ní ilẹ̀ Faransé. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gbìyànjú láti gbé òkú rẹ̀ lábẹ́ ìbọn, wọn ò rí i gbé. Kò ní sàréè tí wọ́n mọ̀ títí dòní. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára ògiri ìrántí ní Arras. Ọ̀gá ológun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló kọ lẹ́tà sí Edward, pé àbúrò rẹ̀ ti lọ.