Ẹ̀rọ Ìgégi Oníná: Ṣéènì Tó Kú Léwu Ju Èyí Tó Mú Lọ

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti dé Adó-Èkìtì, ìjì kì í fi igi àdúgbò lọ́rùn sílẹ̀. Mángòrò ẹ̀yìnkùlé a ya lé páànù, ẹ̀ka dóńgóyárò a dí ojú ọ̀nà, àwọn ará Ìyìn, Ìgèdè àti Aramọkọ náà a sì wá ẹni tí yóò bá wọn gé igi. Bẹntiróòlù ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgégi ń mu. Ṣùgbọ́n láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí owó lítà kan sì ti fò sókè, ẹ̀rọ oníná tàbí oníbátìrì yẹ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò kọjá ẹ̀ka igi àyíká ilé. Kò wúwo púpọ̀, kò sì ń tú èéfín.

Ohun tó ń gé igi lára ẹ̀rọ méjèèjì kò yàtọ̀: ṣéènì eléyín, àti irin pẹlẹbẹ gígùn tí ṣéènì ń yí ká, èyí tí wọ́n ń pè ní báà. Ibẹ̀ ni ewu wà. Ṣéènì tó mú a máa wọ igi fúnra rẹ̀. Èyí tó ti kú, àfi kí a fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Apá a ro, ẹsẹ̀ a yẹ̀, ẹ̀rọ a sì yọ̀ kúrò lójú ibi tí à ń gé.

Ẹ̀rọ oníná kì í ṣe ohun tuntun. Ní 1926, onímọ̀-ẹ̀rọ Andreas Stihl ṣe ọ̀kan ní Stuttgart, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ènìyàn méjì ló ń gbé e. Irú eyín tó wà lára ṣéènì òde òní ti Oregon, ní Amẹ́ríkà, wá. Níbẹ̀, ní 1946, agégi kan tó ń jẹ́ Joseph Cox kíyè sí ìdin kan tó ń jẹ kùkùté, tó ń fi ẹnu gé igi sọ́tùn-ún sósì. Ó ṣe ṣéènì tó fara wé e. Ìdí nìyí tí eyín kan fi kọjú sọ́tùn-ún, tí èyí tó tẹ̀ lé e sì kọjú sósì.

Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìtọ́jú rọrùn, síbẹ̀ òun ni àwọn ènìyàn máa ń fò: kí a yọ wáyà kúrò lára sọ́kẹ́ẹ̀tì, tàbí kí a yọ bátìrì, kí ọwọ́ tó kan ṣéènì. Ẹ̀rọ bẹntiróòlù a máa kùn bó bá ṣì wà ní títàn; oníná a dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ní Èkìtì tí iná ilé-iṣẹ́ BEDC ti ń lọ tó ń bọ̀, iná lè lọ lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹni tó ń gé igi ní kí òun fi àkókò yẹn fún ṣéènì, kí wáyà sì ṣì wà lára ògiri. Lójijì ni iná á dé, tí àwọn ọmọdé àdúgbò á pariwo “Ọ́ọ̀pù NÉPÀ!” Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti tẹ súwíìṣì láìmọ̀, ṣéènì yóò yí.

Lẹ́yìn èyí, kí a wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ, kí a sì fi ìka méjì fa ṣéènì nísàlẹ̀ báà. Ó yẹ kó fà díẹ̀, kí ìdí rẹ̀ má yọ tán kúrò nínú kòtò báà, kó sì padà lẹ̀ mọ́ ọn bí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ yí i, kò gbọdọ̀ há. Èyí tó dẹ̀ jù lè fò yọ. Èyí tó le jù ń jẹ báà, ó sì ń fìyà jẹ ẹ̀rọ. Ṣéènì tuntun máa ń nà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà kí a dúró yẹ̀ ẹ́ wò. Bí a bá fún un nígbà tó gbóná, kí a dẹ̀ ẹ́ bí iṣẹ́ bá parí, torí pé yóò súnkì bó bá tutù.

Ọ́ìlì ṣéènì ni kí a máa bù sí i. Kọ́ńdẹ́m̀ ọ́ìlì tí àwọn mẹkáníìkì ń tú dànù kún fún ẹ̀rún irin, ó sì ń ba awọ ara àti ilẹ̀ jẹ́. Láti mọ̀ bóyá ọ́ìlì ń jáde, kí a kọ orí báà sí páálí mímọ́ láì jẹ́ kó kàn án, kí a sì tan ẹ̀rọ: ó yẹ kí ìlà ọ́ìlì tóóró hàn lára páálí náà.

Bí ohun tó ń já bọ́ lára igi bá kúnná bí èlùbọ́ dípò kó jẹ́ ẹ̀rún ńláńlá, ṣéènì ti kú. Iyanrìn ló ń tètè pa á, pàápàá lára igi tí ìjì wó lulẹ̀. Kí a ti ìtì igi sábẹ́ ẹ̀ka kí a tó gé e. Fáìlì pẹlẹbẹ tí àgbẹ̀ fi ń pọ́n àdá kọ́ ni ti eyín ṣéènì. Fáìlì róbótó ni, mìlímítà 4 fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ oníná kékeré. Láti inú sí ìta ni kí a máa tì í, kí a má fà á padà lórí eyín. Bí a bá tì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta lórí eyín kan, kó jẹ́ mẹ́ta lórí gbogbo wọn. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá gùn ju èkejì lọ, ẹ̀rọ yóò máa gé wọ́rọ́kọ́.

Níwájú eyín kọ̀ọ̀kan, irin kékeré kan wà tó ń pinnu bí eyín yóò ti wọlé tó. Lára ọ̀pọ̀ ṣéènì kékeré, kò ju nǹkan bíi mìlímítà 0.65 lọ tó fi rẹlẹ̀ ju eyín. Ẹni tó bá fá a jù ń pe ewu: eyín yóò bu igi jù, ẹ̀rọ sì lè ta padà sójú ẹni tó mú un. Orí báà lápá òkè gan-an ni ìtapadà yìí ti ń wáyé jù. Kò yẹ kó kan igi.

Kí a máa yí báà lódìkejì nígbàkúùgbà tí a bá pọ́n ṣéènì, kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lè jẹ bákan náà. Kí a fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kó ìdọ̀tí inú kòtò rẹ̀, kí ihò ọ́ìlì má sì dí. Bí eyín bá ti jẹ dé àmì tí wọ́n fi sí i lára, ṣéènì tuntun ló kàn. Ara báà ni wọ́n tẹ ohun mẹ́ta tí òǹtajà yóò béèrè sí: ìdajì àyè tó wà láàárín rífẹ́ẹ̀tì ṣéènì mẹ́ta tó tẹ̀ léra, ìbú kòtò, àti iye ẹsẹ̀ ṣéènì tó ń wọ inú kòtò náà, fún àpẹẹrẹ 57. Kí a kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ kí a tó lọ sọ́jà; bí ọ̀kan nínú wọn kò bá bára mu, ṣéènì yóò há tàbí kó fò yọ.