Ìmọ̀ràn onímọ̀ ìlera kì í di owó lọ́jọ́ kan: ohun tó yẹ kí oníṣòwò mọ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta oògùn tàbí irinṣẹ́ ìlera fún ìjọba, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì gba òṣìṣẹ́ síṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín.

Ní Nàìjíríà, àwọn onímọ̀ ló ń gba Ìgbìmọ̀ Ìlera Orílẹ̀-èdè nímọ̀ràn. Mínísítà ìlera àti àwọn kọmíṣánnà ìpínlẹ̀ wà nínú ìgbìmọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn kì í ṣe owó. Ó gbọ́dọ̀ di òfin, kó wọ ìwé ìṣúná, kí owó sì jáde.

Ẹ wo òfin ìlera ọdún 2014. Ó ní kí wọ́n máa yọ ó kéré tán náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún tó bá wọ àpò ìjọba àpapọ̀ fún ìlera aráàlú. Síbẹ̀, inú ìṣúná ọdún 2018 ni owó náà ti kọ́kọ́ hàn, bílíọ̀nù 55 náírà. Ẹni tó bá ti torí òfin nìkan yáwó kó ọjà jọ ní 2014, èlé ni yóò máa san.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, òfin mìíràn sọ ìbánigbófò ìlera di dandan. Ó dárúkọ iléeṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sókè. Bó bá kàn yín, ẹ bèèrè iye tó máa ná yín lọ́wọ́ àjọ ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀ yín.

Ẹ má ṣe fi owó orí ìwé ṣe owó ọwọ́.