Kíkó Ọkọ̀ Akẹ́rù Níjàánu lórí Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́

Ẹni tí ó bá dúró ní Adégbayì, lójú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ilé-Ifẹ̀, yóò rí oríṣiríṣi ọkọ̀ akẹ́rù tí ń kọjá lọ́sàn-án àti lóru. Àwọn kan ru sìmẹ́ǹtì, àwọn kan ru pákó, àwọn mìíràn sì gbé epo. Kí wọ́n tó dé Ìkirè, wọn yóò sọ̀ kalẹ̀ lọ sí afárá odò Ọ̀ṣun ní Aṣèjíre. Lójú ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn, ìsọ̀kalẹ̀ rọrùn ju ìgòkè lọ. Ṣùgbọ́n lójú awakọ̀ tí ó gbọ́n, ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà.

Ìwúwo ẹrù ni ó ń fa wàhálà. Bí tírélà kan bá ru àpò sìmẹ́ǹtì 600, tí àpò kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ kìlógíráàmù 50, ẹrù náà jẹ́ kìlógíráàmù 30,000, láìka ọkọ̀ fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Bí ọkọ̀ bá ti kọjú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹrù yìí ni yóò máa tì í lẹ́yìn. Awakọ̀ tí kò mọ̀ yóò gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè títí dé ìsàlẹ̀. Bíréèkì yóò máa gbóná, kò sì ní rí ààyè tutù, títí kò fi ní lè di táyà mú mọ́. Òórùn jíjóná yóò sọ, èéfín yóò yọ, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò ní gbọ́ ti ẹni tí ń wà á mọ́. Igi tí ọmọ ọkọ̀ máa ń fi há táyà kò wúlò níbẹ̀, nítorí igi kò lè dá irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dúró lórí eré.

Ohun tí ó ń gba awakọ̀ lọ́wọ́ ewu yìí ni ẹ́ńjìnnì. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ́ńjìnnì ni ó ń yí táyà. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá wà nínú jíà, tí awakọ̀ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́ọ̀tù, táyà ni yóò máa yí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn bí ìjánu ti ń fa ẹṣin. Bí jíà bá ti rẹlẹ̀ tó ni agbára ìjánu yìí ń pọ̀ tó.

Àwọn ọkọ̀ ńlá kan tilẹ̀ ní ẹ̀rọ tí ó ń fi kún agbára yìí. Clessie Cummins, ará Amẹ́ríkà, ni ó ronú kàn án. Ní ọdún 1931, bíréèkì ọkọ̀ akẹ́rù tí ó wà nínú rẹ̀ kọṣẹ́ ní ìsọ̀kalẹ̀ Cajon ní ìpínlẹ̀ California. Díẹ̀ ni ó kù kí wọ́n kọlu ọkọ̀ ojú irin. Kò gbàgbé ọjọ́ náà. Ní ọdún 1961 ni ilé-iṣẹ́ Jacobs bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ tí ó ṣe. Afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ti fún pọ̀ ni ẹ̀rọ náà ń tú jáde, kí ó má baà ti ọkọ̀ síwájú.

Síbẹ̀, ìjánu yìí ní òfin tirẹ̀. Èkíní, orí òkè ni a ti í yan jíà tí ó rẹlẹ̀, kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bí eré bá ti pọ̀, jíà lè kọ̀ láti wọlé, ọkọ̀ yóò sì máa yí lọ láìní jíà rárá. Èkejì, kí awakọ̀ má ṣe yọ ọkọ̀ kúrò nínú jíà nítorí àtifi dísẹ́ẹ̀lì pamọ́. Ẹ́ńjìnnì òde òní kì í gba epo sára nígbà tí ọkọ̀ bá ń ti inú jíà sọ̀ kalẹ̀ tí a kò tẹ tọ́ọ̀tù. Nítorí náà, ẹni tí ó yọ jíà kò jèrè ohunkóhun, ó kàn sọ ìjánu nù ni. Ẹ̀kẹta, bí eré bá tún ń pọ̀ sí i, kí ó tẹ bíréèkì dáadáa títí eré yóò fi dínkù, kí ó sì tú u sílẹ̀ kí ó lè tutù. Ẹ̀kẹrin, bí òjò bá sọ ọ̀nà di yíyọ̀, kí ó pa ẹ̀rọ Cummins, kí ó sì rọra lọ, nítorí táyà ẹ̀yìn lè yọ̀, kí tírélà sì ká mọ́ orí ọkọ̀.

Àwọn tí ń ta àgbàdo ní ìsàlẹ̀ òkè àti àwọn ọmọ tí ń ti ilé-ìwé bọ̀ kò mọ jíà tí awakọ̀ yàn lókè. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó.