Jíìnì Ẹ̀yà Agbàṣẹ́ inú Ọpọlọ àti Ewu Bárakú Ọtí

Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ṣàkíyèsí pé bárakú ọtí a máa rìn nínú ìdílé. Ìwádìí lórí àwọn ìbejì fi hàn pé nǹkan bí ìdajì ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin àwọn ènìyàn ní ti ewu yìí ni ó jẹ mọ́ àjogúnbá. Èwo nínú àwọn jíìnì ni ó fà á? Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn wà.

Ní 1990, Kenneth Blum, Ernest Noble àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà yẹ ọpọlọ òkú 70 wò: 35 jẹ́ ti ọ̀mùtí, 35 kì í ṣe ti ọ̀mùtí. Jíìnì DRD2 ni wọ́n dojú kọ. Òun ni sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣẹ̀dá irú ẹ̀yà agbàṣẹ́ kan tí kẹ́míkà dopamine ń bà lé láti jíṣẹ́. Wọ́n rí àmì kan tí a ń pè ní A1 lára ìdá 69 nínú 100 àwọn ọ̀mùtí, ṣùgbọ́n ìdá 20 péré lára àwọn yòókù. Bí èyí bá fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọmọ jòjòló tó láti sọ ọ́ ní ọmọ ọ̀mùtí lọ́la. Ọ̀ràn náà kì í ṣe eré.

Kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láàrin ọdún 1990 náà, Bolos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá àjọṣe yìí, wọn kò rí i. Àléébù pàtàkì kan ni pé iye ènìyàn tí ó ní A1 yàtọ̀ láti ẹ̀yà kan sí èkejì. Bí ìran àwọn ọ̀mùtí tí a yàn kò bá bá ti àwọn tí a fi wọ́n wé mu, ìyàtọ̀ yóò hàn, ọtí kò sì ní mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ní 2004 ni ó tún hàn gbangba pé A1 kò tilẹ̀ sí nínú DRD2. Inú ANKK1, jíìnì tí ó múlé tì í, ni ó wà. (Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n fi kan ilẹ̀kùn aládùúgbò!)

Ní 2004 kan náà, Edenberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ṣàyẹ̀wò odindi ìdílé, tọ́ka sí GABRA2, jíìnì ẹ̀yà agbàṣẹ́ fún GABA, kẹ́míkà tí ń mú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ rọlẹ̀. Èyí bọ́gbọ́n mu, nítorí ọtí a máa fi kún agbára GABA. Ṣùgbọ́n ipa rẹ̀ kéré, kì í sì í ṣe gbogbo ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e ni ó gbè é lẹ́yìn. Àwọn jíìnì tí ẹ̀rí wọn lágbára jù ni ADH1B àti ALDH2, ẹ̀dọ̀ sì ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ jù: àwọn ni wọ́n ń darí bí ara ṣe ń tú ọtí palẹ̀.