Ta Ló Ni Ìtàn Inú Géèmù, Ẹni Tó Kọ Ọ́ Tàbí Ẹni Tó Ń Gbá A?

Nínú The Witcher 3, géèmù tí ilé iṣẹ́ CD Projekt Red ti orílẹ̀-èdè Poland gbé jáde lọ́dún 2015, olóyè kan wà tí wọ́n ń pè ní Bloody Baron. Ọ̀mùtí ni, ó sì máa ń lu ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí ìyàwó náà àti ọmọbìnrin wọn sá kúrò nílé, ó ní kí Geralt, ọdẹ tó ń fi pípa iwin àti ẹbọra jẹun, bá òun wá wọn.

Láàárín ìwákiri náà, Geralt lè bá ẹ̀mí kan pàdé tí wọ́n há mọ́ abẹ́ igi. Ẹ̀mí náà bẹ̀ ẹ́ pé kó tú òun sílẹ̀, òun á gba àwọn ọmọ òrukàn kan lọ́wọ́ àwọn arúgbó abàmì mẹ́ta tó fẹ́ pa wọ́n jẹ. Bí Geralt bá gbà, àwọn ọmọ náà á yè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mí náà á pa àwọn ará abúlé Downwarren ní ìpakúpa, ìyàwó Baron á kú, Baron fúnra rẹ̀ á sì pokùn so. Bí ó bá pa ẹ̀mí náà, àwọn ọmọ ló lọ. Ìyàwó Baron á yè, àmọ́ orí rẹ̀ á ti dàrú, ọkọ rẹ̀ á sì gbé e lọ wá ìwòsàn lọ́nà jíjìn. Kò sí èyí tó rọrùn nínú méjèèjì, kò sì sẹ́ni tó kìlọ̀ fún Geralt ṣáájú.

Ìbéèrè tó ń dá awuyewuye sílẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn irú géèmù báyìí ni pé, ṣé òótọ́ ni ìpinnu wọn ń yí ìtàn padà, àbí wọ́n kàn ń tàn wọ́n ni?

Orí tábìlì ni irú eré yìí ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson gbé Dungeons & Dragons jáde ní Amẹ́ríkà. Ẹnì kan á jókòó bí apìtàn, àwọn yòókù á máa sọ ohun tí akíkanjú tiwọn fẹ́ ṣe. Bí ẹnì kan bá ní òun ò wọ ihò dírágónì mọ́, pé ilé ọtí lòun ń lọ, apìtàn á wá ìtàn ilé ọtí jáde lójú ẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nínú The Witcher 3, ẹnì kan ti kọ ọ́ sílẹ̀, òṣèré kan ti lọ kà á sínú ẹ̀rọ, àwọn ayàwòrán sì ti ṣe ojú àti ìrìn ẹni tó ń sọ ọ́. Owó gidi ló ń bá ẹ̀ka ìtàn kọ̀ọ̀kan rìn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó yà sápá ọ̀tún kò ní fojú kan ohun tí wọ́n náwó sí lápá òsì.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń jẹ́ kí ọ̀nà yà, tí wọ́n á tún dà wọ́n pọ̀ níwájú. Dragon Age: Origins, tí BioWare ti ilẹ̀ Kánádà ṣe lọ́dún 2009, ní ìbẹ̀rẹ̀ mẹ́fà, àmọ́ ojú ogun Ostagar ni gbogbo wọn ń já sí. Síbẹ̀, bí akíkanjú bá dá ẹ̀mí ọ̀dàlẹ̀ Loghain sí, tó sì gbà á sẹ́gbẹ́, Alistair, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, á bínú kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Ogun ìkẹyìn kò ní torí ìyẹn má wáyé. Ọ̀rẹ́ ni kò ní sí níbẹ̀ mọ́.

The Witcher 2, ti ọdún 2011, láyà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lópin apá kìíní, Geralt gbọ́dọ̀ bá ọ̀gágun kan tó ń jẹ́ Roche lọ tàbí kó bá Iorveth, ọ̀tá Roche, lọ. Ẹni tó bá tẹ̀ lé Roche á bá ara rẹ̀ ní ibùdó ọmọ ogun Ọba Henselt. Ẹni tó bá tẹ̀ lé Iorveth á wà ní Vergen, ìlú tí Henselt fẹ́ gbà. Odindi apá kejì ni wọ́n ṣe ní ọ̀nà méjì. Ìwà akin ni ìyẹn, ó sì yẹ ká yìn wọ́n.

Iye òpin ìtàn ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń díwọ̀n, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣìnà. Kí Baldur's Gate 3 ti ilé iṣẹ́ Larian, ní Belgium, tó jáde lọ́dún 2023 ni ìròyìn ti kàn pé oríṣi òpin 17,000 ló ní. Ìyàtọ̀ pẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ohun tó wúwo níbẹ̀ ni ti àwọn tí wọ́n lé kúrò nílùú wọn, tí wọ́n sá wá sínú igbó àwọn oṣó tí wọ́n ń pè ní druid. Akíkanjú lè dáàbò bò wọ́n, ó sì lè bá Minthara, olórí àwọn tó fẹ́ gbógun tì wọ́n, lọ pa wọ́n. Bó bá pa wọ́n, Wyll àti Karlach, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, á kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó bá sì dé apá kejì, àwọn iṣẹ́ tó yẹ kí àwọn òkú wọ̀nyẹn gbé fún un kò ní sí rárá.

Géèmù tó bá gbàgbé ohun téèyàn ṣe, inú máa ń bí àwọn tó ń gbá a. BioWare fojú winá èyí lọ́dún 2012, nígbà tí òpin Mass Effect 3, tó jẹ́ ìtàn òfuurufú, jọra débi pé àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ sọ pé àwọn fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ariwo náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ náà fi ṣe àfikún ọ̀fẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún náà.

The Witcher 3 tá a fi bẹ̀rẹ̀ kì í gbàgbé ní tiẹ̀. Níbẹ̀, ọ̀fọ̀ ṣẹ Ciri, ọmọ tí Geralt tọ́. Geralt lè sọ fún un pé kò pọn dandan kó mọ gbogbo nǹkan ṣe, ó sì lè mú un jáde kí wọ́n jọ máa fi òjò dídì sọ̀kò lu ara wọn. Ó dà bí eré ọmọdé, ṣùgbọ́n ó wà lára ìwọ̀nba ohun tó máa sọ bóyá Ciri á yè tàbí á kú lópin ìtàn.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbá a, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ wá ìdáhùn lórí YouTube kẹ́ ẹ tó dá Ciri lóhùn. Bí èsì rẹ̀ bá sì dùn yín, ẹ má padà sẹ́yìn lọ tún un ṣe.