Bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù tí awakọ̀ ń sùn nínú rẹ̀

Lójú ọ̀nà ńlá tó ti Kútọnu gba Bohicon, Dassa, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Parakou dé Malanville, ọkọ̀ akẹ́rù ńlá kì í tán. Ọ̀nà náà ju kìlómítà 700 lọ. Ẹni tó ń kó ìrẹsì tàbí sìmẹ́ńtì lọ sí orílẹ̀-èdè Niger kò lè rìn ín tán ní ọjọ́ kan. Bákan náà ni ti àwọn tó ń ti Lomé gba Atakpamé, Sokodé àti Kara lọ sí Burkina Faso. Ilẹ̀ á ṣú wọn sọ́nà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fi ní bẹ́ẹ̀dì tóóró lẹ́yìn ìjókòó awakọ̀. Ibẹ̀ ni awakọ̀ ń sùn. Ibẹ̀ náà ni ọmọ ọkọ̀ ń sùn, bí kò bá tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀.

Nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹlòmíràn ní ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ awakọ̀. Ẹlòmíràn ní ọkọ tàbí àbúrò tó ń wakọ̀. Ẹlòmíràn sì ń kó iṣu tàbí tòmátì rẹ̀ sínú ọkọ̀ ńlá. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí ọkọ̀ kọ̀ tí kò dáhùn, tòmátì ò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Lọ́pọ̀ ìgbà ẹ́ńjìnnì kọ́ ló bàjẹ́. Bátìrì ni.

Kí ló wà nínú bátìrì?

Bátìrì jẹ́ àpótí tí wọ́n pín inú rẹ̀ sí yàrá mẹ́fà. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, wọ́n to páànù òjé pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ jọ bí ewé ìwé. Wọ́n wá rì wọ́n sínú omi tí wọ́n pò mọ́ ásíìdì. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ̀rọ kékeré kan tí bẹ́líìtì ń yí, tí à ń pè ní àlítánétọ̀, á máa fún bátìrì ní iná. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú, bátìrì ló ń fún ọkọ̀ ní iná.

Ẹ má rò pé bátìrì dà bí ìsun tí omi ń ti inú rẹ̀ tú jáde. Àmù ni. Ohun tí a bá pọn sínú rẹ̀ nìkan la lè bù jáde.

Yàrá kan ń mú fóltì 2 àti díẹ̀ wá. Yàrá mẹ́fà jẹ́ fóltì 12. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ńlá ń lo fóltì 24. Nítorí náà bátìrì méjì ló máa ń wà nínú rẹ̀. Wọ́n á fi wáyà so orí tí wọ́n kọ + sí lára ọ̀kan mọ́ orí tí wọ́n kọ − sí lára èkejì.

Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ nọ́ńbà kà, ẹni tó ń ta bátìrì ò gbọdọ̀ tàn yín mọ́. Ẹ wo ara bátìrì. Ẹ lè rí i báyìí: 12V 180Ah 1000A.

12V ni fóltì rẹ̀. 180Ah ni bí àmù náà ṣe tóbi tó. Bí a bá ń lo áńpà 1, ó lè gbé e fún wákàtí 180. Bí ó bá jẹ́ áńpà 2, wákàtí 90. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn, 1000A, ni agbára tó lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà láti fi ta ẹ́ńjìnnì jí. Nínú òtútù líle ni wọ́n ti ń wọn ìyẹn, irú èyí tó ń sọ omi di yìnyín. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, Ah ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: bátìrì méjì tí wọ́n jẹ́ 180Ah, tí a so pọ̀ láti di fóltì 24, kò di 360Ah. 180Ah náà ni. Fóltì ló di ìlọ́po méjì, àmù kò tóbi sí i.

Iṣẹ́ méjì tí kò jọra

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni títa ẹ́ńjìnnì jí. Iṣẹ́ agbára ni, ṣùgbọ́n kì í pẹ́: ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, ó ti parí. Iṣẹ́ kejì ni ti òru: fáànù, gílóòbù, rédíò, fóònù, fíríìjì kékeré. Iṣẹ́ wọ̀ọ́rọ̀wọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í tán bọ̀rọ̀. Ẹni tó mọ eré kúkurú sá kọ́ ni ẹni tó lè ru ẹrù láti Kétu dé Àjàṣẹ́.

Bátìrì tí wọ́n ṣe fún títa ẹ́ńjìnnì jí, páànù òjé inú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́lẹ́. Bí a bá ń fà á gbẹ lóròòru, kò ní pẹ́ kú. Èyí tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ pípẹ́, páànù rẹ̀ nípọn, ó lè fara da á. Fún èyíkéyìí nínú wọn, ẹ má ṣe lò ju ìlàjì lọ kí ẹ tó tún fún un ní iná.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ohun tí awakọ̀ kan ń lò bí ọkọ̀ rẹ̀ bá dúró lójú kan. Ẹ mú wáàtì, ẹ fi fóltì pín in, ẹ ó rí áńpà. Ká ní fáànù rẹ̀ jẹ́ wáàtì 24. 24 ÷ 24 = 1. Áńpà 1 nìyẹn. Ó lò ó fún wákàtí 9 lóru àti wákàtí 5 lọ́sàn-án: 14Ah. Fíríìjì rẹ̀ jẹ́ wáàtì 48, ìyẹn áńpà 2. Fíríìjì ń ṣiṣẹ́, ó ń sinmi. Ká ní ìlàjì ọjọ́ ló fi ń ṣiṣẹ́, wákàtí 12: 24Ah. Gílóòbù, rédíò àti fóònù, ká pè é ní 4Ah. Àpapọ̀: 14 + 24 + 4 = 42Ah lójúmọ́.

Ìlàjì 180 jẹ́ 90. Ọjọ́ méjì, 84 ti lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, bátìrì ti kọjá ààlà rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ tuntun. Bó bá ti gbó, kò ní tó bẹ́ẹ̀. Bí ọmọ ọkọ̀ bá tún gbàgbé iná ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ní títàn, alẹ́ kan péré lè tó.

Kí ni ká ṣe? Ohun tó dára jù ni kí bátìrì tí awakọ̀ fi ń sùn yàtọ̀ sí èyí tó ń ta ẹ́ńjìnnì jí. Oníná ọkọ̀ mọ ohun tí wọ́n fi ń pín in, kí àlítánétọ̀ lè fún méjèèjì ní iná, kí fáànù má sì lè fa ti ẹ́ńjìnnì. Bí owó ò bá tó, kí ó wá ẹ̀rọ kékeré tó ń já iná fúnra rẹ̀ nígbà tí bátìrì bá ń lọ sílẹ̀ jù. Owó ẹ̀rọ yìí kéré púpọ̀ sí owó bátìrì. Àwọn mìíràn ti ń gbé páànù oòrùn sórí ọkọ̀, irú èyí tí ẹ ń rí lórí ilé lábúlé. Wáàtì 200 nínú oòrùn gangan fún wákàtí 5 á mú tó 1000 wá. Díẹ̀ á sọnù nínú rẹ̀. Ohun tí a ṣírò lẹ́ẹ̀kan náà, 42 × 24, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bí iná ṣe ń wọ bátìrì.

Rédíò tó ń pa bátìrì

Rédíò púpọ̀ àti ohun tí wọ́n fi ń ṣáàjì fóònù jẹ́ ti fóltì 12. Oníná tó ń kánjú á ní: “Ẹ̀gbọ́n, kò sí wàhálà, bátìrì kan ṣoṣo ni kí a ti mú un.” Rédíò á kọrin, inú awakọ̀ á dùn. Ṣùgbọ́n bátìrì kan ń ṣiṣẹ́ ju èkejì lọ báyìí. Àlítánétọ̀ kò mọ̀. Bí ó ṣe ń fún ọ̀kan ló ń fún èkejì. Èyí tí wọ́n ń fà á lára kì í kún mọ́. Èyí tó ti kún, wọ́n ṣì ń rọ́ iná sí i, omi inú rẹ̀ á máa hó, á máa gbẹ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, méjèèjì á bàjẹ́, awakọ̀ á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Àpótí kékeré kan wà tó ń sọ fóltì 24 di 12. Òun ni kí ẹ ní kí wọ́n fi sí i.

Nígbà tí ẹ bá ń rà á

Ẹ ra méjì lẹ́ẹ̀kan náà, irú kan náà, Ah kan náà. Bí ẹ bá so tuntun mọ́ ògbólógbòó, ògbólógbòó á fa tuntun sílẹ̀. Ẹ wá oṣù àti ọdún tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Bátìrì tó ti jókòó nínú ṣọ́ọ̀bù ju ọdún kan lọ, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá rí HD tàbí SHD, ó túmọ̀ sí pé wọ́n ṣe é fún ọkọ̀ ńlá tó ń gbọ̀n. Ní ti àlòkù tí wọ́n ń kó ti òkè òkun wá, ó pọ́n lójú nítorí kò wọ́n, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ iye òru tó ti lò lọ́hùn-ún. Bátìrì tí wọ́n dì pa, tí a kì í bu omi sí, dára; ó kàn jẹ́ pé bí omi rẹ̀ bá gbẹ nínú ooru wa, kò sí ibi tí a ó gbà bu òmíràn. Lójú tèmi, èyí tó ní ìdérí tí a lè ṣí ló bá awakọ̀ wa mu, bí awakọ̀ náà ò bá ya ọ̀lẹ.

Ìtọ́jú rẹ̀

Ooru ló ń pa bátìrì jù ní ilẹ̀ wa. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì lóṣù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Omi gbọ́dọ̀ bo páànù òjé, kó sì fi bí ìbú ìka kan ga jù ú lọ. Omi bátìrì tí wọ́n ń tà nínú bìdọ́ọ̀nù nìkan ni kí ẹ bù sí i. Omi kànga àti omi ẹ̀rọ ní iyọ̀ àti irin tí ń ba òjé jẹ́. Omi òjò tó gba orí páànù ilé kọjá ti kó ìdọ̀tí. Ẹ má sì bu ásíìdì kún un: omi ló ń fẹ́ lọ, ásíìdì kì í lọ.

Bí nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé bá yọ lórí bátìrì, ẹ tú wáyà, ẹ fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ so wáyà padà kó le, kí ẹ sì fi gírísì pa á. Tí ẹ bá ń tú u, − ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Tí ẹ bá ń so ó, − ni kó kẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ni pé irin ọkọ̀ àti − jẹ́ ọ̀kan náà: bí sípánà bá wà lórí + tó sì kan ara ọkọ̀, iná á ṣẹ́.

Ìṣẹ́ná yẹn kì í ṣe ohun eré. Bátìrì tó ń gba iná ń tú gáàsì kan jáde tí a kì í rí, ó sì lè bú gbàù, kó fọ́n ásíìdì sójú ènìyàn. Ẹ má mu sìgá nítòsí rẹ̀. Ẹ má tan ìṣáná láti fi wo omi inú rẹ̀ lóru. Bí ásíìdì bá ta sójú, ẹ da omi tó mọ́ sí i fún ìṣẹ́jú 15 láìdúró, lẹ́yìn náà ẹ sáré lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ̀rọ ìwọnná kékeré wà lọ́jà. Kí ọkọ̀ kọ́kọ́ sinmi fún wákàtí 4, kí ẹ wá fi wọn bátìrì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó bá pe 12,6 tàbí 12,7, ó kún. 12,2 jẹ́ ìlàjì. 11,8 ti gbẹ. Bí ọ̀kan bá fi púpọ̀ yàtọ̀ sí èkejì, ẹ wá ìdí rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, méjèèjì pọ̀ yẹ kó wà láàárín 27,5 àti 28,8. Bó bá ju 29 lọ, omi ló ń sè. Bó bá wà lábẹ́ 26, àlítánétọ̀ ò fún un ní nǹkan.

Ní ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ti ẹnubodè Niger, ọkọ̀ tò sí Malanville fún ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Bí ìdúró bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ tú − kúrò lórí bátìrì. Bátìrì tó gbẹ tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, nǹkan funfun líle á bo òjé rẹ̀ bí iyọ̀ tó dì sídìí ìkòkò. Iná ò ní wọlé mọ́.

Nígbà tó bá kú

Ẹ má tú u, ẹ má yọ́ òjé rẹ̀ nílé. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n ti ń tú bátìrì àtijọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òjé sì ti pò mọ́ yanrìn ibẹ̀. Nígbà tí òjé gbówó lórí, àwọn ènìyàn ń jọ yanrìn náà, wọ́n ń kó o wọlé. Láàárín oṣù kọkànlá ọdún 2007 àti oṣù kẹta ọdún 2008, ọmọdé 18 kú níbẹ̀. Eruku òjé ni wọ́n ń mí símú, òun ni wọ́n ń fi ọwọ́ kó sẹ́nu.

Ẹni tó ń ta tuntun sábà máa ń gba òkú bátìrì, á sì yọ díẹ̀ nínú owó. Ẹ gbé e fún un lódindi, tòun ti omi inú rẹ̀. Ọmọ tó bá ń kọ́ṣẹ́ oníná ọkọ̀, kó fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ kó tó jẹun, kó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó gbé àbúrò rẹ̀ mọ́ra, kí ìyá rẹ̀ sì máa fọ aṣọ náà lọ́tọ̀.